Àpò Gàrí Tí Kì í Fẹ́ Ìsáré

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, táyà méjì ló fi rìn wọlé. Amos ló ń tì í bọ̀. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró sí àárín àgbàlá, ó fi òkúta há táyà ẹ̀yìn kó má baà yí, ó yọ áńkáṣíìfù lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu síìtì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ìyá tó ń nu ojú ọmọ tí wọ́n fẹ́ ya ní fọ́tò. Síìtì náà ni ẹ̀rí. Amos kò fẹ́ kí ẹ̀rí òun ní eruku lára.

Ilé Baálẹ̀ Fákọ̀yà la máa ń pè ní ààfin. Ó ní géètì, ó ní àga ńlá kan, ẹni tí wàhálà bá sì bá níbẹ̀ máa ń pe Baálẹ̀ ní Kábíyèsí. Baálẹ̀ kì í ṣe ọba, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n onísùúrù èèyàn ni, kò tíì bá ẹnikẹ́ni wí rí nítorí àṣìṣe yẹn. Èèyàn méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lánàá. Dúrójaiyé ni àkọ́kọ́, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ kan ní Sàngó, tó sì gbà pé kò sóhun tí Ọlọ́run dá tí èèyàn ò lè bi ní ìbéèrè. Ìkejì ni Ìyá Ẹfúnkẹ́. Ìyá Ẹfúnkẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi máa ń wo ẹnu rẹ̀.

Amos dọ̀bálẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń rùn bíi ṣúgà.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí. Sirajudeen ti da ilé mi rú."

"Ṣé ó ń bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá, sà. Ó rán síìtì fún mi."

Baálẹ̀ wo Dúrójaiyé, Dúrójaiyé wo Ìyá Ẹfúnkẹ́. Ìyá Ẹfúnkẹ́ ń wo síìtì.

Ohun tí Amos rò nìyí. Ìyàwó rẹ̀, Àpọ́nlé, máa bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Alapoti ni ìyá Àpọ́nlé ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń yan gàrí, ó sì ti ṣèlérí pé òun á wá sílé wọn ní Ilo-Awela láti wẹ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n gàrí kì í dúró de ọmọ. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni Màmá gbọ́dọ̀ máa padà sílé lọ wo iṣẹ́ rẹ̀, Amos ló sì máa fi ọ̀kadà gbé e lọ, tí yóò gbé e bọ̀. Ọ̀nà náà jìn. Síìtì tó bá ọ̀kadà náà wá ti pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Nígbàkígbà tí Amos bá fi gbé Màmá dé, Màmá kì í fẹ́ jókòó mọ́. Á dúró sójú fèrèsé fún odindi wákàtí kan, á ní òun ń wo àdúgbò. Amos rí i, àánú rẹ̀ ṣe é, ló bá lọ rán síìtì tuntun.

"Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn," ni Baálẹ̀ wí. "Kí ló wá bàjẹ́ níbẹ̀?"

"Síìtì náà ń dà wọ́n lé mi lẹ́yìn, sà."

"Ó ń da ta ni?"

"Màmá."

Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá tẹ bíréèkì, ńṣe ni Màmá máa ń yọ̀ láti ẹ̀yìn wá, tí wọ́n á sì wá lẹ̀ mọ́ òun lẹ́yìn gbọin. Òun ti ka ihò tó wà láàárín Alapoti àti Ìjù, mọ́kànlélógójì ni. Ihò kan, ìdìmọ́ra kan. Nígbà tí wọ́n dé Ìjù, Màmá ní kí òun dúró. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti búra pé àwọn ò ní fẹsẹ̀ kan ilé òun mọ́, bí ọmọ dé, bí ọmọ ò dé, àyàfi bí àwọn àgbà bá bi òun léèrè ohun tí àwọn fi ṣe òun.

Màmá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó ti Ìyá Ẹfúnkẹ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí àna rẹ̀. Obìnrin ńlá ni, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni mo ń wí. Baálẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi í bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tí Amos sọ.

"Baálẹ̀, mo bí ọmọbìnrin, mo tọ́ ọ, mo fi fún un," ni Màmá wí. "N kò fi ara mi kún un."

Dúrójaiyé wúkọ́. Ó wúkọ́ náà pẹ́ díẹ̀.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Jìbírílù ni, ẹni tó ń lẹ táyà létí títì ní Ìjù. Baálẹ̀ ní kó sọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà.

"N kò rí nǹkan kan, sà. Mo tẹrí ba, mo ń lẹ táyà."

"O ò rí nǹkan kan rárá."

"Rárá, sà. Àfi ìgbà tí wọ́n dé ihò iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ìyá fi iwájú orí kan bọ̀ọ̀dá yìí lẹ́yìn, tí gèlè wọn bo bọ̀ọ̀dá lójú, tí ọ̀kadà wá ń rìn bí ẹni tó mu ògógóró."

"O rí i nìyẹn."

"Mo gbọ́ ọ ni, sà."

"O gbọ́ gèlè?"

"Gèlè náà nípọn, sà. Ó ní ìró."

Baálẹ̀ ní kó lọ jókòó. Wọ́n pe Àpọ́nlé, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé àga fún un. Amos rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ìyàwó ẹni ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù.

"Àpọ́nlé, àléébù wo lo rí lára síìtì yìí?"

"Kò ní àléébù kankan, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú Amos.

"Mo ti bá wọn gùn ún dé Sàngó láìmọye ìgbà," ni Àpọ́nlé wí. "Bí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì báyìí, mo máa ń sún mọ́ wọn. Síìtì tó dáa ni. Ikùn yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dí wa lọ́wọ́."

"Àpọ́nlé," ni Màmá wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

"Síìtì burúkú ni, sà," ni Àpọ́nlé wí.

Dúrójaiyé ní kí wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ó wá kan Sirajudeen. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ilo-Awela tó ti ń rán síìtì ọ̀kadà, abẹ́rẹ́ ńlá kan pẹ̀lú òwú dúdú sì máa ń wà lára kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ níbikíbi tó bá lọ, ì báà jẹ́ ilé ìgbéyàwó. Kò tilẹ̀ jọ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó lọ síbi ọ̀kadà, ó yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ síìtì náà, ó sì gbé e wá síwájú Baálẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ wá fún ìsọmọlórúkọ.

"Kábíyèsí, n kò tíì rán síìtì tó dáa tó èyí lọ́dún yìí."

Ó ní kí Dúrójaiyé fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́. Dúrójaiyé tẹ̀ ẹ́, ó ní ó le díẹ̀. Sirajudeen ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kó rí. Ó ní ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni rírọ̀: oníbàárà á wá, á jókòó fún ìṣẹ́jú méjì, á ní ó rọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì, á sì máa dúpẹ́ lọ. "Fóòmù tó bá rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, irin ló máa dà kẹ́ ẹ tó dé Ìjù. Ara máa rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí egungun á fi kan pátákó abẹ́ rẹ̀. Èyí tó le ló ń gbé èèyàn ró." Ó ní ìpele méjì ni tòun: èyí tó le wà nísàlẹ̀, èyí tó rọ̀ tó nípọn bí ìka kan wà lókè. Ó fi hàn pé kò sí ojú rírán kankan níbi tí egungun ìdí máa ń sinmi sí, nítorí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ lásán, bó bá di wákàtí kan, ó lè mú kí ọkùnrin sunkún.

Dúrójaiyé tún tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè bóyá wọ́n lè ṣe irú rẹ̀ sórí àga jíjókòó ilé.

Baálẹ̀ rán an létí pé ẹjọ́ là ń dá.

Sirajudeen ṣàlàyé bó ṣe ń wọn èèyàn. Ó ní àpótí fífẹ̀ kan tó bu yanrìn tútù sí. Oníbàárà á jókòó sínú yanrìn náà díẹ̀, á dìde, Sirajudeen á sì fi òwú wọn ojú ibi tó fi sílẹ̀, gbogbo kòtò àti gbogbo òkè rẹ̀. Ó ní Amos jókòó sí i, òun sì wọ̀n ọ́n. "Ẹ bi í bóyá iwájú síìtì ń yọ ọ́ lẹ́nu."

"Iwájú dáa, sà," ni Amos wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀yìn náà dáa, Kábíyèsí," ni Sirajudeen wí. "Ohun tí wọ́n gbé lé e ni kò yẹ ẹ́."

Màmá rọra yí ojú padà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Ṣé èmi ni ohun?"

Sirajudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun bẹ gbogbo ilé, òun ò ní lè sọ ìyókù lójú ìyá. Kí oníbàárà fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ní kí òun rán. Amos ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó kékeré jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ẹfúnkẹ́ wá lanu.

"Sirajudeen, sọ ọ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ mì nínú àgbàlá yìí, inú rẹ̀ náà ni yóò ti bì í."

"Mo bi í pé ta ló máa jókòó lẹ́yìn," ni Sirajudeen wí. "Ó ní kì í ṣe èèyàn. Ó ní àpò gàrí ni."

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì nìkan là ń gbọ́.

Sirajudeen kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e. Ó ní síìtì àpò yàtọ̀ pátápátá sí síìtì èèyàn. Tí àpò, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju iwájú lọ, kí àpò lè fẹ̀yìn ti ẹni tó ń wa ọ̀kadà, kó má ṣubú sẹ́yìn bí wọ́n bá ń gun òkè. Lẹ́dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yọ̀, kí wọ́n lè fà á sọ̀kalẹ̀ láìgbé e. Òun ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àpò gàrí kan lé e báyìí. Bó bá yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ láti ibí dé Alapoti, kí òun jẹ abẹ́rẹ́ òun.

"Amos," ni Baálẹ̀ wí.

"Sà."

"Ṣé ìyá ìyàwó rẹ ni àpò gàrí?"

"Kábíyèsí, kí ni ǹ bá sọ?" Amos ti fẹ́ sunkún. "Èèyàn mẹ́rin ló dúró sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó fa òwú yọ, ó la ọwọ́ méjèèjì, ó ní, 'Ẹni tó máa wà lẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó fẹ̀ tó báyìí ni, àbí tó báyìí?' Lójú gbogbo wọn. Ní ilé tí wọ́n ti bí mi, a kì í wo àna lójú, ká tó wá sọ pé ká júwe ibi tó kù fún ọkùnrin mìíràn. Gàrí ni wọ́n ń yan, gàrí ló bọ́ sí mi lẹ́nu."

Ìgbìmọ̀ rò ó. Ká sòótọ́, kò sí ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tó mọ ohun tí òun ìbá sọ. Dúrójaiyé ní lójú tòun o, ọ̀wọ̀ ni Amos fẹ́ bù fún àna rẹ̀.

"Ó bù ú," ni Ìyá Ẹfúnkẹ́ wí. "Ó sì dì í sínú àpò."

Kò tíì tẹ́ Baálẹ̀ lọ́rùn. Ó yí sí Sirajudeen, ó bi í bóyá Amos tún sọ nǹkan mìíràn nípa gàrí náà.

"Mo bi í pé okùn mélòó ló fi máa ń dì í, kí n lè ṣí ibi okùn sílẹ̀. Ó ní òun kì í dì í, ó máa ń di ara rẹ̀ mú."

"Ẹn-ẹ́n."

"Mo bi í bóyá ó wúwo. Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀."

"Ẹn-ẹ́n."

"Ó ní kí n fi fóòmù tó dáa sí i, nítorí ẹ̀yìn máa ń dun gàrí náà. Ó sì ní kì í fẹ́ ìsáré."

Dúrójaiyé dìde nídìí àga rẹ̀. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun fi gba ẹrù wọlé. Òun gba ìyẹ̀fun, òun gba ṣúgà, òun gba gàrí tí ọ̀rinrin mú àti èyí tí kòkòrò wọ̀. Òun ò tíì rí èyí tí ẹ̀yìn ń dùn. "Ìwọ ò wá fura?"

"Bàbá, oníbàárà ló mọ ẹrù rẹ̀. Bó bá ní ẹ̀yìn ń dun gàrí òun, tèmi ni kí n fi fóòmù tó nípọn sí i. Mo sì fi sí i."

"Mo ní, ṣé o ò fura?"

Sirajudeen wo síìtì ọwọ́ rẹ̀.

"Mo fura díẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n mo ti gé lẹ́dà."

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn géètì mi orí. Wọ́n mọ̀ pé lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gé lẹ́dà, òtítọ́ ti pẹ́ jù.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa tún síìtì náà ṣe, nítorí Màmá ti sọ gbangba pé bí wọ́n bá dá ẹjọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, òun ò ní gun nǹkan tí wọ́n rán fún àpò. Kí ọmọ náà bí ara rẹ̀, kó sì wẹ ara rẹ̀. Àpọ́nlé gbé ọwọ́ lé ikùn, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní òun ti sọ fún un pé bí Màmá ò bá wá, Amos fúnra rẹ̀ ló máa wẹ ọmọ. Amos wo ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń kó bisikíìtì sínú páálí, ó sì kì í bọ àpò.

Ìyá Ẹfúnkẹ́ dá a lábàá pé kí wọ́n gbé yanrìn tútù wọ yàrá àwọn obìnrin, kí Màmá jókòó sí i níbẹ̀, kí ọkùnrin kankan má sì wọlé.

"Bí mo bá dìde ńkọ́?" ni Màmá wí. "Ta ló máa gbé e jáde? Kí wọ́n gbé ìdí mi la àárín ọkùnrin kọjá, kí wọ́n máa ní ẹ yà lọ́nà? Mi ò ṣe."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀.

"Màmá, bẹ́ ẹ bá ń yan gàrí, kí lẹ máa ń jókòó lé?"

"Àpótí mi ni."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Kí n tó bí Àpọ́nlé ni. Bàbá rẹ̀ ló kàn án fún mi."

"Ṣé ó ṣì tẹ́jú bí wọ́n ṣe kàn án?"

"Ó ti jẹ. Ó ti rí bí abọ́."

Baálẹ̀ fẹ̀yìn ti àga.

"Igi ti wọ̀n wọ́n láti ọgbọ̀n ọdún," ló wí, "ẹ wá ń fa òwú kiri."

Ó wá dá ẹjọ́.

"Amos, a kì í pe àna ní òpùrọ́ lójú ìyá ìyàwó rẹ̀. O ní àpò gàrí ni síìtì yìí wà fún, àpò gàrí náà ló máa gbé lónìí. Ìwọ ni gàrí. Sirajudeen ló máa wa ọ̀kadà, ìwọ ló máa jókòó sẹ́yìn, ẹ ó lọ sí Alapoti, ẹ ó sì gbé àpótí Màmá wá. Gàrí kì í sọ̀rọ̀. Gàrí kì í ní kí wọ́n rọra. Ẹ̀yìn kì í dun gàrí. Bí o bá lanu kí o tó padà wọ géètì yìí, ẹ ó tún un lọ ni.

"Sirajudeen, ìwọ tí o fura tí o sì ń gé lẹ́dà lọ, o ò gbọdọ̀ yà fún ihò kankan. Ohun tí o bá rán ni kó wá bá ọ lẹ́yìn. Bí ẹ bá dé, wàá tú síìtì náà, wàá sì tún un rán nínú àgbàlá yìí kí oòrùn tó wọ̀. Dúrójaiyé máa jókòó tì ọ́, á sì máa bi ọ́ léèrè ìdí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan."

Sirajudeen dojú bolẹ̀. Ó ní òun gba ti ihò, òun gba ti àtúnrán, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ wo ti Bàbá Dúrójaiyé yẹn ṣe. Baálẹ̀ ní ẹjọ́ ti parí.

Nígbà tí wọ́n fi padà dé, oòrùn ti kúrò lórí. Fìlà Sirajudeen ti bọ́ sí imú rẹ̀ nítorí àgbọ̀n Amos tó ń kàn án lẹ́yìn orí ní gbogbo ọ̀nà. Jìbírílù, tó ní òun ò rí nǹkan kan, ti gun ọ̀kadà mìíràn tẹ̀ lé wọn dé Ìjù, ó sì ti ṣíwájú wọn padà wá sọ fún gbogbo wa bí Amos ṣe ń dì mọ́ ọn ní Ìjù. Amos sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń ti orí igi àgbọn bọ̀, ó so àpótí mọ́ àyà. Baálẹ̀ bi í pé báwo lọ̀nà. Amos wò ó, kò fọhùn.

"Ó tó. O ti di èèyàn padà."

Amos sọ àpótí kalẹ̀, ó lọ síwájú Màmá, ó dọ̀bálẹ̀. Ó hàn sí gbogbo wa pé ìdọ̀bálẹ̀ náà tù ú lára ju jíjókòó lọ.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ihò mọ́kànlélógójì. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Èmi tí mo wà níwájú ni kò mọ̀ nípa ìyókù."

Màmá kò kọ ẹ̀yìn sí i mọ́.

Sirajudeen gbé àpótí náà sí ìmọ́lẹ̀. Igi rẹ̀ ti dán bíi dígí, kòtò méjì ló sì wà lójú rẹ̀, ti òsì jìn ju ti ọ̀tún lọ dáadáa. Ó fi àtàńpàkò wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó wá ronú. Ó ní ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí gàrí nínú agbada láti ọjọ́ dé ọjọ́, ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń gbé ara lé. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn dídùn ti ń wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Màmá gbé ọwọ́ lé ìbàdí òsì rẹ̀, ó sì yára gbé e kúrò.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ẹ̀mú fa gbogbo píìnì tó di lẹ́dà mú mọ́ abẹ́ pátákó yọ, ó ṣí i sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé òkè tó wà lẹ́yìn kúrò, títí ibẹ̀ fi rẹlẹ̀ díẹ̀ ju iwájú lọ, kí ara máa fà sẹ́yìn dípò kó yọ̀ síwájú. Ó fi fóòmù tó le sí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó ju lẹ́dà tó ń yọ̀ nù, ó fi èyí tí ojú rẹ̀ kò dán bò ó, èyí tó máa ń di aṣọ mú. Dúrójaiyé bi í ní ìbéèrè mẹ́rìndínlógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò wúlò. Ìkẹrìndínlógún ni pé, kí ló dé tí kò sí odi láàárín ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe máa ń fi igi pààlà sáàárín ṣúgà àti iyọ̀. Sirajudeen fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wá gé fóòmù kan tó ga níwọ̀n ìka mẹ́ta, ó tẹ́ ẹ dábùú síìtì náà, ó sì rán lẹ́dà lé e. Láti ìrọ̀lẹ́ àná, Dúrójaiyé ti sọ ọ́ fún èèyàn mẹ́tàdínlógún pé òun lòun rán síìtì náà.

Ó ku kí wọ́n dán an wò. Amos gùn ún, Màmá gun ẹ̀yìn. Baálẹ̀ ṣí fìlà rẹ̀, ó kì í sáàárín wọn, ó ní kí Amos yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì máa tẹ bíréèkì bí ẹni tí ewúrẹ́ já lu. Amos tẹ̀ ẹ́, eruku sọ. Màmá kò mì. Nígbà tí wọ́n dúró, Baálẹ̀ fa fìlà rẹ̀ yọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn. Kò rún. Ó fi dé orí.

Ìyá Ẹfúnkẹ́ fa Sirajudeen sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun náà ní àpótí kan nílé tó ti pẹ́. Ó ní òun á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́la, òun á fi aṣọ bò ó, kó má sì bi òun ní ìbéèrè kankan.

Àpọ́nlé ní òun á wọ kẹ̀kẹ́ márúwá tẹ̀ lé wọn. Màmá kò sọ̀kalẹ̀. Ó gba àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ Sirajudeen, ó gbé e lé itan, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì fi ìka kan gún àna rẹ̀ léjìká.

"Ilo-Awela," ló wí. "Rọra o. O mọ̀ pé gàrí yìí kì í fẹ́ ìsáré."